Èsì: Ṣé ọmọ ìyá ni Jóhanna, Yrsa àti Steinunn Sigurðardóttir?

Rárá o. Ẹ rí orúkọ kan náà lẹ́yìn obìnrin mẹ́ta ará Íslándì (Iceland), ẹ wá kó wọn sí agboolé kan. Sigurðardóttir kì í ṣe orúkọ ìdílé. “Ọmọbìnrin Sigurður” ló túmọ̀ sí. Ọmọkùnrin Sigurður á máa jẹ́ Sigurðsson. Bí obìnrin bá lọ sílé ọkọ, orúkọ yẹn náà ló ṣì máa ń jẹ́. Jóhanna ni olórí ìjọba láti 2009 sí 2013. Yrsa jẹ́ ẹnjiníà tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn. Akéwì àti òǹkọ̀wé ni Steinunn, tí wọ́n bí ní 1950. Bàbá kálukú wọn ló kàn ń jẹ́ Sigurður.

Tí ẹ bá ń ṣe àtòjọ orúkọ wọn, orúkọ tiwọn gan-an ni kí ẹ fi tò wọ́n: J, S, Y. Tí ẹ bá tún dárúkọ Jóhanna nínú àpilẹ̀kọ, “Jóhanna” lásán ni kí ẹ kọ. Àfojúdi kọ́ (ó ṣòroó gbà fún Yorùbá, mo mọ̀). Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ààrẹ wọn pàápàá. Tí ẹ bá wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò rí wọn, ẹ tẹ Sigurdardottir, torí ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń sọ ð di d.