Èsì: Ṣé kò tíì yá jù láti gba ológbò mìíràn?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ara-fẹ́ra-kù. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ 3 péré sẹ́yìn ni ológbò yín kú, ṣé kò tíì yá jù láti gba òmíràn? Kò yá jù, bí ẹ kò bá ṣáà ti retí kó dà bí èyí tó lọ. Tèmi, oṣù 2 gbáko ni mo fi ń ya orí ẹja sọ́tọ̀ kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà ẹranko: kí ló pa á? Bó bá jẹ́ panleukopenia, ìyẹn àìsàn burúkú kan tó máa ń ran ológbò, fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lè wà nínú ilé tó ọdún 1. Ẹ da abọ́ àti ibùsùn rẹ̀ nù, ẹ fi bílíìṣì fọ ilẹ̀, kí èyí tó ń bọ̀ sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tán kó tó wọlé. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ fi abọ́ rẹ̀ pamọ́. Ti tèmi ṣì wà lórí fíríìjì.