Ìrora tó ń ta láti ìdí dé ẹsẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí, ọmọ ọdún 43. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìrora ti ń ta mí láti ìdí ọ̀tún, á gba ẹ̀yìn itan lọ dé ọmọńdinrín ẹsẹ̀, bí ìgbà tí iná bá ń jó ni. Bí mo bá sín, ó di wàhálà. Àwọn kan ní làkúrègbé ni, àwọn kan ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ sí ìdí. Ṣé wọn ò ní là mí lẹ́yìn báyìí? (Aránṣọ, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́. Èyí ò jọ làkúrègbé. Oríkèé ni ìyẹn máa ń bá jà. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ọ̀pá ẹ̀yìn ló sábà máa ń yọ síta, tí á wá máa fún iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ẹsẹ̀. Tí ẹ bá sín, ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Èyí tó pọ̀ jù máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 láìsí iṣẹ́ abẹ.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ ìdí yẹn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í gún, iṣan yìí gan-an ló lè bà, ẹsẹ̀ á sì rọ.

Ẹ má fẹ̀yìn lélẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ìdí ẹ̀rọ ló ń pa yín lára jù: bó bá ti pé 20 ìṣẹ́jú, ẹ dìde. Ẹ gbé báàfù ìfọṣọ sórí àpótí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ fọ̀ ọ́ nílẹ̀.

Ẹ wá dojú bolẹ̀ lórí ẹní fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ fi ìgúnpá gbé àyà sókè, ìṣẹ́jú 2. Bí ara bá gbà á, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ara sókè, kí ìbàdí wà nílẹ̀, ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ṣe gbígbé ara sókè yìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léra, kí ẹ tún un ṣe ní wákàtí 2 sí 3 síra. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́: ìrora á kúrò lẹ́sẹ̀, á kó sẹ́yìn, ẹ̀yìn á wá máa dùn ju ti tẹ́lẹ̀. Ó ń sàn nìyẹn o! Àmọ́ bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ lọ rí oníṣègùn fisio, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá ṣe ìtọ́jú.

Ibuprofen lè ràn yín lọ́wọ́ fọ́jọ́ díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má lo diclofenac mọ́ ọn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Bí abẹ́ yín àti ibi tí ẹ fi ń jókòó bá kú tipiri, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, tàbí bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń wọ́ nílẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá lẹ ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀; ìgbà yẹn ni iṣẹ́ abẹ lè di dandan.