Owó ìfẹ̀yìntì àbúrò mi dájú, tèmi kò dájú: ṣé ó tọ́?

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Iléeṣẹ́ aládàáni ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àbúrò mi obìnrin sì jẹ́ tíṣà ní iléèwé ìjọba. Láìpẹ́ yìí la jọ tẹ́ ìwé ìfẹ̀yìntì wa síwájú. Iye tí wọn yóò máa san fún un lóṣooṣù wà nínú tirẹ̀, títí ọjọ́ ikú. Tèmi, kìkì iye tó wà nínú àkáǹtì ni. Bí yóò bá gbé mi dọ́jọ́ alẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó orí tí mò ń san wà lára ohun tí wọ́n fi ń san tirẹ̀. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? — Ẹ̀gbọ́n Tíṣà

Ìdáhùn: Ọmọ mi, mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn ọ́. Iṣẹ́ ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì ni mo ṣe jẹun, lọ́dọ̀ ìjọba lákọ̀ọ́kọ́, kí n tó bọ́ sí iléeṣẹ́ aládàáni, mo sì ti rí ojú àwọn tó ń gba ìwé náà lọ́wọ́ mi níhà méjèèjì. Òṣìṣẹ́ ìjọba á wo ìlà kan ṣoṣo, á ká ìwé rẹ̀, á máa lọ. Òṣìṣẹ́ aládàáni á jókòó, á ní kí n bá òun pín iye yẹn sí oṣù. Kí n tó lè pín in, mo gbọ́dọ̀ bi í pé, "Ọdún mélòó lẹ rò pé ẹ ó tún lò láyé?" Ta ló lè dáhùn ìyẹn?

Ibẹ̀ gan-an ni àìdọ́gba náà wà. Nínú ètò àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọba ṣì ń lò, ọdún iṣẹ́ àti owó oṣù ni wọ́n fi ń ṣírò. Ìdá kan nínú 60 fún ọdún kọ̀ọ̀kan wọ́pọ̀. Tí owó oṣù ẹni bá jẹ́ 60, tó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún 30, 30 ni yóò máa gbà lóṣooṣù, ì báà lo ọdún 5 sí i láyé, ì báà lo 35. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ìwọ àti agbanisíṣẹ́ rẹ dá ni wọ́n fi ń dókòwò, ohun tí o bá sì bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o fẹ̀yìn tì náà ni. Ẹni méjì lè dá iye kan náà fún iye ọdún kan náà. Kí ọ̀kan fẹ̀yìn tì ní 2007, kí èkejì fẹ̀yìn tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, lẹ́yìn tí ọjà ìpín ìdókòwò ti já wálẹ̀ káàkiri ayé, owó wọn kò ní dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe nínú wọn. Ọjà tó wó àti ẹ̀mí tó gùn: àwọn tó ń san owó orí ló bá àbúrò rẹ gbé ẹrù méjèèjì. Ìwọ nìkan lo dá gbé tìrẹ. Kò tọ́, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ kọ́ ló dì í rù ọ́. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni ńlá ní Amẹ́ríkà ló ní irú ètò tí àbúrò rẹ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Studebaker tó ń ṣe ọkọ̀ ti iléeṣẹ́ rẹ̀ pa ní South Bend ní ìparí 1963, nǹkan bí 4,000 òṣìṣẹ́ gba kìkì ìdá 15 nínú 100 ohun tó tọ́ sí wọn; àwọn tí kò tí ì pé ẹni 40 ọdún kò gba nǹkan kan. Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó bí òfin 1974 tó ń dáàbò bo owó ìfẹ̀yìntì àwọn aládàáni níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin owó orí 1978 ṣí ọ̀nà fún àkáǹtì tí òṣìṣẹ́ fi ń dá owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ jọ, tí wọ́n ń pè ní 401(k). Àwọn agbanisíṣẹ́ rí i pé ó mú ẹrù kúrò lórí àwọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ti orílẹ̀-èdè Chile ló dùn mí jù. Ní 1981, ìjọba ológun ibẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún òṣìṣẹ́ tuntun láti máa dá tirẹ̀ sínú àkáǹtì tirẹ̀, àwọn ológun fúnra wọn sì dúró sínú ètò àtijọ́. Tí ètò tuntun náà bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò bá àwọn yòókù wọ inú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ owó orí tí o sọ, òótọ́ wà níbẹ̀. Ìjọba tó bá ṣèlérí láìfi owó sílẹ̀ dè é ń jẹ gbèsè sọ́rùn àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí. Ó sì lè gbẹ̀yìn yọ sí òṣìṣẹ́ ìjọba náà lára. Lẹ́yìn tí ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà kéde ní 2013 pé òun kò lè san gbèsè mọ́, wọ́n gé ìdá 4.5 nínú 100 kúrò nínú owó àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tó ti fẹ̀yìn tì, yàtọ̀ sí ọlọ́pàá àti panápaná, wọ́n sì gba àfikún ọdọọdún tí wọ́n fi ń kojú ọ̀wọ́ngógó ọjà lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí mi ò ti bá ọ lọ ni pé owó náà kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó iṣẹ́ ni, tí wọn ò tètè san. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń dá lára owó oṣù wọn sí i. Kó owó oṣù tìrẹ àti tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ jọ, pẹ̀lú ohun tí agbanisíṣẹ́ kálukú fi kún un, kí o tó dájọ́. Tí wọ́n bá sì gé tirẹ̀ lọ́la, kọ́bọ̀ kan kò ní wọ àkáǹtì rẹ.

Ohun tí mo bá jà fún ní ipò rẹ ni irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Netherlands, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ aládàáni wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀ka iṣẹ́ kan, tó fi jẹ́ pé wọ́n jọ ń gbé ewu ẹ̀mí gígùn ni. Kí ìyẹn tó dé, kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Béèrè bóyá wọn yóò fi kún tiwọn tí o bá fi kún tìrẹ. Béèrè bóyá o lè fi owó àkáǹtì náà ra owó oṣooṣù tí kò ní dáwọ́ dúró títí ikú. Kí o sì béèrè iye tí àwọn tó ń bójú tó o ń yọ lọ́dọọdún, nítorí ìdá 1 nínú 100 lọ́dọọdún tó dà bí nǹkan kékeré yẹn lè jẹ tó ìdá kan nínú 5 gbogbo owó náà láàárín ọdún 40. Ní kí wọ́n fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ ní kíkọ sílẹ̀.