Aṣòfin yín kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ kajú ni mí ní Ìsánlú, ìpínlẹ̀ Kogí. Láti ìgbà tí a ti dìbò, aṣòfin wa tó wà ní Lọ́kọ́ja kò gbẹ́ bóhóòlù kan fún wa, ẹ̀rù ajínigbé kò sì jẹ́ ká lọ sóko mọ́. Ṣé ẹ lè bá wa kọ̀wé kó gbé owó wa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, àbí ká pè é padà sílé?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, màmá. Kajú tó ń rà sídìí igi dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n owó wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí léyìí ní Kàbà, ó sì ti sú mi. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kò fún aṣòfin kankan lówó bóhóòlù. Bóhóòlù tí ẹ rí orúkọ aṣòfin lára rẹ̀, owó ìjọba ni. Inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ló ti wá, iléeṣẹ́ ìjọba ló sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta. Ẹni tó pín ìrẹsì àti ẹ̀rọ ìránṣọ fún yín kò tíì ṣe iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ dìbò fún un.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ju kànga lọ. Lábẹ́ abala 120, owó ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde láìsí àṣẹ òfin. Abala 128 sì fún ilé aṣòfin lágbára láti wádìí bí wọ́n ṣe ná an. Ẹ bi í pé: nígbà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì dé iwájú yín, kí lẹ sọ nípa omi Yàgbà, agbègbè wa? Ta lẹ pè wá ṣàlàyé?

Ti ajínigbé le díẹ̀. Nínú ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ mi, abala 214 sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní, nítorí náà Lọ́kọ́ja kò lè dá tirẹ̀ sílẹ̀. Láti yí i padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin Àbújá àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìbò aṣòfin yín wà níbẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ mọ apá ibi tó wà?

Pípè é padà ṣeé ṣe: abala 110. Àwọn olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́kùn ìdìbò yín ni yóò buwọ́ lùwé, kí wọ́n ju ìdajì lọ, kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, tó ṣètò ìbò láàárín 90 ọjọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó fọ́ọ̀mù o! Mi ò sì tíì rí ìwé kankan lọ́wọ́ yín, ẹ má lọ gbé ọ̀rọ̀ mi yìí síwájú adájọ́.

Ẹ pè é wá sípàdé ìlú, kó mú bọ́jẹ́ẹ̀tì dání.