Áńbà kì í ṣe iyùn: ọwọ́ ni àwọn ìyá wa fi ń mọ ìlẹ̀kẹ̀

Ọmọbìnrin kan láti Mọníyà ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi. Ìyá rẹ̀ àgbà kú, ó fi ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kànlá aláwọ̀ oyin sílẹ̀ nínú agolo bisikíìtì. Ó wá rí ẹnìkan nínú fídíò tó ní áńbà ni Òyìnbó ń pe irú rẹ̀, pé iyùn náà ni, òkúta inú ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì, pé iyùn tí oòrùn bá pa ló ń dà bí oyin. Ọmọ náà ní ṣé òótọ́ ni, àti pé kí ni Yorùbá ń pè é. Ó tún béèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe lágídígba.

Kì í ṣe òótọ́, ọmọ mi. Mo wo fídíò yẹn dé òpin, inú bí mi. Iyùn ló wà lọ́rùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ gbá a bó ṣe ń ṣàlàyé, síbẹ̀ kò mọ ohun tó gbé kọ́rùn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ n'Íbàdàn yìí, mi ò tíì rí iyùn kan tí oòrùn sọ di áńbà.

Inú òkun ni iyùn ti ń wá. Àwọn ẹ̀dá omi tíntìntín ló ń kọ́ ọ, á yọ ẹ̀ka bí igi, bí wọ́n bá kú, ilé wọn á kù sílẹ̀. Èyí tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọba wa ń lò, òkun Mẹditaréníà ló ti wá. Àwọn kan gba aginjù kọjá, àwọn Potogí sì fi ọkọ̀ ojú omi kó òmíràn wá láti ìparí ọ̀rúndún 15.

Áńbà ní tirẹ̀, oje igi ni. Ìwọ náà ti rí igi tí wọ́n sá ládàá tí oje ń yọ lára rẹ̀, tó ń fà, tó wá gan. Irú oje bẹ́ẹ̀ ló ṣàn lára àwọn igi ní àríwá Yúróòpù, ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ó gbẹ, ó le, ó ti ju mílíọ̀nù 30 ọdún lọ. Etí òkun Báltíìkì ló pọ̀ sí jù, ní Pólàǹdì, ní Lituéníà, àti ní Kaliningrad tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà. Bí ìjì bá jà, òkun á gbé e jù sí etí omi, àwọn ènìyàn á máa ṣà á. Oje ni, nítorí náà kòkòrò tó bà lé e nígbà tó ṣì ń fà ò lè fò mọ́. Títí dòní, o lè rí ìyẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí o dì mú nìyí. Àwọn ìyá wa ò fi ojú pín ìlẹ̀kẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń pín in. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jiyàn. Kí wọ́n dá mi lóhùn èyí: àwọ̀ mélòó ló ní orúkọ tirẹ̀ gan-an nínú èdè wa? Dúdú, funfun, pupa. Ìyókù, ohun tó jọ la fi ń pè é, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run. Epo, pupa ni. Ènìyàn tó mọ́ lára, pupa ni. Iyùn, pupa ni. Òkúta làǹtànà tí wọ́n máa ń gbẹ́ n'Ílọrin láyé àtijọ́, iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ènìyàn Ọ̀yọ́ Ilé gbé lọ síbẹ̀, pupa lòun náà. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oyin yìí náà, pupa ni màmá mi àgbà ń pè é. Bó bá ṣe àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n, ṣé wọn ò ní máa ta òkúta fún ara wọn ní owó iyùn?

Gbàǹja ni màmá mi àgbà ń tà fún àwọn Hausa ní Sábó, àdúgbò tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn ní 1916. Ọwọ́ oníbàárà rẹ̀ kan níbẹ̀ ló ti gba ẹyọ áńbà kan ṣoṣo, ó tóbi tó ẹyin ẹyẹlé. Nírọ̀lẹ́, nílé wa ní Yemẹ́tù, á fi gèlè dì mí lójú, á da iyùn, òkúta Ìlọrin àti ẹyọ kan yẹn sínú igbá, á ní, "Mú oje tó gbó fún mi." Orúkọ tó ń pè é nìyẹn, oje tó gbó. Màá tọwọ́ bọ igbá. Òkúta á tutù bí ìdí àmù, á wúwo. Iyùn náà á tutù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò dán tó òkúta, ìka á máa bá ilà wẹ́wẹ́ pàdé. Oje tó gbó ò tutù rárá, ó fúyẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ti dì í mọ́wọ́ kí n tó dé ibẹ̀. Mo ṣì í mú lẹ́ẹ̀mejì péré. Lẹ́yìn ìyẹn, á fi ìdí ìró rẹ̀ ra á kíkankíkan, á gbé e súnmọ́ ẹ̀gbọ̀n òwú nílẹ̀, ẹ̀gbọ̀n òwú náà á fò lẹ̀ mọ́ ọn. Mo máa ń pariwo.

Àwọn Gíríìkì ti rí èyí tipẹ́. Elektron ni wọ́n ń pe áńbà. Ní 1600, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Gilbert, mú orúkọ yẹn fún agbára tó ń fa nǹkan mọ́ra, ibẹ̀ ni ẹ̀léńtíríìkì ti wá. Bí ọmọ ilé ìwé bá kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé rẹ̀, orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ ló ń kọ.

O béèrè lágídígba náà: èèpo ẹkùrọ́ ni, ìdí ni wọ́n ń fi sí. Ṣẹ̀gi, gíláàsì aláwọ̀ aró ni, wọ́n sì mọ gíláàsì í ṣe n'Ífẹ̀ kí Òyìnbó tó dé. Ní Igbó Olókun, n'Ífẹ̀ níbẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ wa ti kú. Ìyàwó á háyà ìlẹ̀kẹ̀ ní Sátidé, á dá a padà ní Mọ́ńdè, ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni bóyá ó bá aṣọ mu. Mo ń gbé iyùn gidi àti rọ́bà sí i lọ́wọ́, kò mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ò dì lójú rí, níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n?

Ní ti mọ́kànlá tìrẹ, má tíì yọ̀. Ní 1907, Leo Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń gbé Amẹ́ríkà, ṣe ohun líle kan tí wọ́n ń pè ní Bakelite. Jámánì fi irú rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oyin, wọ́n sì kó o wá sí Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rà á bí áńbà. Bu omi sínú ife, da iyọ̀ sí i, máa rò ó títí iyọ̀ ò fi ní yọ́ mọ́. Ju ẹyọ kan sí i. Bó bá rì, irú ti Jámánì yẹn ló ṣeé ṣe kó jẹ́, kò sì burú, ó ti dàgbà, ìyá rẹ àgbà ló ni ín. Bó bá léfòó, mú nǹkan tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, kán an sí ibi tí kò hàn. Oje tí kò tíì gbó á máa lẹ̀ mọ́ ìka. Áńbà gidi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Má gba kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un wò.

Tún wọn sín sórí òwú tuntun, kí o ta kókó láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Má fín lọ́fínńdà sí wọn lára, má sá wọn sóòrùn. Kó wọn kúrò nínú agolo yẹn, aṣọ òwú tó rọ̀ ni kí o fi dì wọ́n, lọ́tọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú iyùn, nítorí iyùn le jù wọ́n lọ.