Báwo ni mo ṣe lè mú kí ọkàn tó ń sáré kiri lálẹ́ rọlẹ̀?
Èémí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa èémí símú, kí ẹ ka dé 4; ẹ mí jáde, kí ẹ ka dé 6. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú 5. Mímí jáde tó gùn yẹn ló ń jẹ́ kí àyà rọra lù. Ẹ má bá èrò jà o! Bó bá gbé yín lọ sórí owó ilé tàbí ọjà Bódìjà, ẹ rọra padà sórí èémí, kódà nígbà ogún. Tó bá di àárọ̀, ẹ lọ rìn lábẹ́ igi, láìmú fóònù dání. Bí àìsùn bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà. Wọ́n ń tọ́jú irú rẹ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn.