Ìlà oòrùn ni kí ẹ máa wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní oòrùn mú janjan láti àárọ̀ lọ́jọ́ ìnáwó yín n'Íbàdàn, kí ló wá dé tí ìjì àti ààrá fi dà á rú nírọ̀lẹ́? Oòrùn yẹn gan-an wà lára ohun tó pè é wá.

Kánópì àti àga ni mo ń yá àwọn èèyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún kan, a ta kánópì mẹ́rin sí pápá kan ní Mọ́níyà. Ìhà òkun ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, mo wo ibẹ̀, ó mọ́ kedere, mo ní kò séwu. Nígbà tó di bí aago márùn-ún, atẹ́gùn dáwọ́ dúró, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹ̀yìn wa ni eruku ti rú, atẹ́gùn tó gbé e wá tutù bí omi àmù. Kí n tó pariwo, kánópì méjì ti fò, irin sì ti ṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ mi kan lápá. Apá náà ti jinná, àmọ́ igbe rẹ̀ ò kúrò létí mi.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí wa lára kọ́ ló ń gbé irú òjò bẹ́ẹ̀ rìn. Tìsàlẹ̀ ló ń ru ọ̀rinrin bọ̀ láti orí òkun. Tòkè ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, òun ló ń ti ìjì lọ. Ooru ọ̀sán á gbé ọ̀rinrin sókè, ìkùukùu á dúdú bí ìdí ìkòkò, àwọn ìjì á to ara wọn gbọọrọ láti àríwá sí gúúsù, wọ́n á máa rìn lọ sápá Kútọnu àti Tógò.

Nítorí náà, Àkúrẹ́ ni mo máa ń pè lọ́sàn-án. Tí òjò bá ti ń da ibẹ̀ rú, mo máa ń fọkàn sí nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, torí pé bí 140 kìlómítà ló wà láàárín wa, ìjì náà sì lè rin 50 ní wákàtí kan. Ìgbà mìíràn, ó máa ń kú sọ́nà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n tú kánópì lásán.

Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti ìkẹsàn-án sí ìkẹwàá, ló le jù. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, òjò lè máa ṣe winniwinni, ààrá kì í fi bẹ́ẹ̀ sán. Ẹ máa ka ohun tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, ń gbé jáde lójoojúmọ́, àmọ́ agbègbè ńlá ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe pápá yín.

Ẹ jọ̀ọ́, tí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ kà á. Tí ààrá bá sán kí ẹ tó ka ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ kó gbogbo èèyàn kúrò lábẹ́ kánópì wọnú ilé tàbí ọkọ̀. Ẹ má jáde títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn.